Ògiri Ìyá Oníbọ́tìnnì Ti Tutù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kó sì bá ìwọ fúnra rẹ lórí ìjókòó. Bí o bá wà ní ìdúró, jọ̀ọ́, wá àga kan fìdí lé kí o tó kà á síwájú. Ara èmi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò bí ẹni tó ń gbowó oṣù nílé iṣẹ́ rédíò. Ìjayà ló kù sí wa lára. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹnu ti yà mí, kò sì tíì padé títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po. Ìyá Oníbọ́tìnnì aládùúgbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò kú o, Ọlọ́run ò jẹ́. Ó wà ní ọsibítù, ó ti lajú, ó sì ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà nítorí ṣúgà tí wọn ò jẹ́ kó fi sínú tíì bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni mò ń kọ sí ọ. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbé fóònù náà, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ìwọ sì ní àṣà kan, "Bàbá, mo wà ní mítìn-ìn, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Lẹ́tà ò mọ mítìn-ìn ní tiẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé kò sí àárọ̀ kan tí Alágbàfọ̀ kì í dúró lójú fèrèsé Ìyá kí i kó tó lọ ki ọwọ́ bọ ọṣẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó kí i, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún kí i, ó fi àwàdà kún un pé àbí Ìyá ti rí ọkọ tuntun tí kò jẹ́ kó jí. Ó ní ibi tí Ìyá kò ti bú òun padà ni àyà òun ti já. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí, ló bá fi èjìká gbà á wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló bá Ìyá, ojú rẹ̀ là díẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni. Àdògán èédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eérú inú rẹ̀ ṣì gbóná. Fèrèsé wà ní títì pinpin, ó sì ti fi àkísà di gbogbo ihò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Alágbàfọ̀ gbé e jáde sí ìta, ó ń ké. Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, ó sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Èmi ò sí nílé. Mo wà ní Àgbègbè Iṣẹ́ lódìkejì odò, níbi tí pílánù ìlú tuntun kó gbogbo ẹni tó ń dáná ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ lórí fóònù ni, "Ẹ máa bọ̀! Ìyá ò dáhùn mọ́! Ẹ máa bọ̀!" Mo ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Awakọ̀ wa wa ọkọ̀ búrẹ́dì náà bí ẹni tí wọ́n ń lé, síbẹ̀ ó pẹ́ ká tó dé, torí afárá kan ṣoṣo ló wà, gbogbo ẹni tó ń sùn níhìn-ín tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ló ń gba orí rẹ̀. Mo jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́, mo ń rò ó pé láyé àtijọ́, ògiri nìkan ló wà láàárín èmi àti Ìyá. Báyìí, gbogbo ìlú ló wà láàárín wa.

Dókítà tó gbà á jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ó ṣàlàyé fún wa pé èédú tí wọ́n fi dáná nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, pé afẹ́fẹ́ olóró náà ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oorun ló fi ń mú èèyàn lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè. Ṣé Ìyá ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Alágbàfọ̀ ní rárá. Ṣé yàrá tuntun ni? Ìyá rẹ ní Ìyá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé òun wá sílé ọkọ. Ṣé òtútù ọdún yìí ló burú ju tàtẹ̀yìnwá lọ ni? Èmi ní òtútù ọdún yìí ò burú rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wá yí padà?"

Mo lanu láti sọ pé mi ò mọ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti yé mi. Àwa la yí padà. Ààrò mi ni wọ́n gbé lọ.

Inú àdúgbò yìí la bí ọ sí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún àlejò, torí èmi alára kò rí i dáadáa títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì wa àti ògiri yàrá Ìyá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kó má baà ra bíríkì lẹ́ẹ̀mejì, ahun ni bàbá náà. Òun ló sì kọ́ wa pé bí iná bá ti ràn láàárọ̀, ká fi igi gígùn tí a fi ń ti búrẹ́dì wọlé kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé iná ti wà níbẹ̀. Ìyá á fi òrùka rẹ̀ kan tirẹ̀ padà. Bó bá pẹ́ kó tó kàn án, mo máa rán èèyàn lọ wò ó. Kíkí lásán ni mo pè é ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àṣé ohun tó ń sọ fún mi ni pé ooru náà ti dé ọ̀dọ̀ òun.

Nígbà ooru, á gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, á sì máa bú mi pé mo fẹ́ sun òun jẹ. Tí òtútù bá ti dé, á tún gbé e padà wá sídìí ògiri, èébú á sì dópin. Ìyá ò ní ẹ̀rọ amúlégbóná rí láyé rẹ̀. Kò ra èédú rí. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń fi yá iná, torí kò sí ẹni tó rí i pé ó ń yáná.

Mo kúrò ní ọsibítù lọ́sàn-án, mo lọ mú aṣọ wá fún un. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ọmọ mi, ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀ gbágbáágbá. Ohun tí mo rí tẹ̀lé e ló mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá ti mú kúbùsù rẹ̀ tó nípọn jù, ó ti ran bọ́tìnnì ńláńlá sí etí rẹ̀, ó so ó mọ́ àwọn ìṣó kéékèèké, ó fi bo ògiri náà láti òkè délẹ̀. Ó rò pé ògiri náà ń ṣàìsàn ni. Òun fúnra rẹ̀ wá ń fi ìró méjì bora sùn.

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní tijú láti sọ ọ́. Alágbàfọ̀ ló wá bá mi. Mo fi ògiri hàn án, mo ṣàlàyé. Ó wá na ọwọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ààrò, níbi tó ti ń sá aṣọ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́kùnrin. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé mo rò pé atẹ́gùn ló ń gbẹ aṣọ níbẹ̀?" Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wa lọ, aṣọ ò gbẹ mọ́ níbẹ̀. Ó ti ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ti tàn án, gílóòbù gbogbo àdúgbò á máa ṣẹ́jú. Bí iná bá sì lọ, á tan jẹnẹrétọ̀. Ó ní òun ti ń bú ilé iṣẹ́ mànàmáná láti ìgbà yẹn, láìmọ̀ pé ààrò búrẹ́dì lòun ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìwọ wá gbọ́ ti Àgbègbè Iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n fi tì mí níbẹ̀ ni oníyìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń sọ omi di yìnyín tà! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, ọwọ́ mi ti kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rántí ibi tí mo wà. Oníyìnyín ló jáde sí mi, ó ní, "Bàbá, ooru tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi ò tó yín, ẹ tún ń kan ilẹ̀kùn?" Ó ti fi fóòmù tó nípọn bo gbogbo ògiri náà, ó sì ti fi ẹ̀rọ kan kún èyí tó ní, torí pé yìnyín rẹ̀ ń yọ́. Èmi ń dáná kó lè gbóná, òun ń jẹ iná kó lè tutù, ògiri kan náà la jọ ń bá jà. Lọ́jọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ nílé, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti kan báyìí.

Búrẹ́dì náà ń kọ́? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ló máa ń gbé e kiri àdúgbò tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọdé á sì sáré wá ra èyí tó kù. Báyìí, ọkọ̀ la fi ń gbé fúláwà kọjá afárá lọ, ọkọ̀ la tún fi ń gbé búrẹ́dì kọjá afárá padà wá sí títì kan náà. Ààrò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ń pò ó, adùn rẹ̀ ò yí padà. Iye epo tó ń jó lórí rẹ̀ nìkan ló di kàyéfì. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa ejò. Wọ́n ti yà wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù wá ń dá iná tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Èéfín wa máa ń yọ àwọn tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́nu, ìgbà kan sì wà tí iná fẹ́ jó ilé atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ìdí tí ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yín fi ṣe pílánù yẹn kì í ṣe ìkà. Nígbà tí o gbé àwòrán rẹ̀ wá sílé, tí o tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, pupa fún iṣẹ́, àwọ̀ ewé fún ilé, àwọ̀ ojú ọ̀run fún ọjà, inú mi dùn dẹ́yìn. Mo pe Ìyá wá wò ó. Ó ní ó dára bí aṣọ tuntun. Ògiri kò sí nínú àwòrán náà, kò sí ẹni tó rí i pé kò sí níbẹ̀. Ìwọ ò rí i, èmi tí mo fẹ̀yìn tì í láti kékeré ò rí i, Ìyá tó ń sùn tì í náà ò sì rí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lórí bẹ́ńṣì ọsibítù, ìyá rẹ ṣàdédé sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ti gbàgbé ni? Ògiri yẹn ló bá wa tọ́ ọmọ yín." Mo ti gbàgbé lóòótọ́! Oṣù rẹ ò pé nígbà tí o dé, àárín òtútù ni, o kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé bí mo bá sín, o lè fò lọ. Nọ́ọ̀sì ní ara rẹ ò lè mú ooru dúró fúnra rẹ̀, pé ká má jẹ́ kí o tutù rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní rí ọ bá ṣeré. Ìyá Oníbọ́tìnnì ló gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ó tẹ́ ọ sáàárín ikùn rẹ̀ àti ògiri náà, èmi sì ń koná mọ́ ààrò kódà nígbà tí kò sí búrẹ́dì nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè ọ́ ní Ọmọ Ògiri. Nígbà tí o dàgbà díẹ̀, o máa ń bínú sí i, o ní o kì í ṣe alángbá.

Bí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mi ò pa òwe yìí láti fi bú ọ, ọmọ mi. A jọ sọ òkò náà ni, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti bá ará ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Dókítà ní òun ò ní dá Ìyá padà sínú yàrá tó tutù. Ọmọ àbúrò rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ní òun ò lọ síbi tí òun máa wọ ọkọ̀ kí òun tó rí ẹni tí òun máa kí. Bí wọ́n bá fi agídí mú un lọ, àárẹ̀ ọkàn ló máa pa á. Bó bá sì padà sílé báyìí, òtútù ni, tàbí èédú. Kò sí ọ̀nà kẹta àfi èyí tó bá ti ọwọ́ yín wá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ààrò kan padà, ààrò kékeré, kí ẹ fún un ní ọ̀pá èéfín tó ga dáadáa, kí ẹ ní ká máa tọ́jú omi àti iyanrìn nítorí iná. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, mo máa ṣe é.

O sọ fún wa nígbà tí o wá kẹ́yìn pé apá kejì pílánù náà fẹ́ jáde, pé ẹ máa kó àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń sun ìkòkò kọjá odò bí ẹ ṣe kó wa. Kí o tó fọwọ́ sí i, wá sílé. Má gbé àwòrán kankan dání. Wá rìn lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, kí o fi ọwọ́ rẹ kan ògiri wọn, kí o sì wo ẹni tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tí Ìyá kọ́kọ́ lajú, èmi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì mọ ibi tó wà. Ó na ọwọ́ sí ògiri ọsibítù, ó fi òrùka rẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń fetí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Oníbúrẹ́dì, o ò dáná lónìí ni?" Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òtútù mú ọ níbi tí kò sí ẹni tó máa mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa gbè ọ́, á sì máa gbe àwọn tí o ń ṣe é fún. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ dọ́jọ́ alẹ́. Bá mi gbá wọn mọ́ra, sì sọ fún èyí àbíkẹ́yìn pé mo ti tọ́jú èèpá búrẹ́dì rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Oníbúrẹ́dì.

Mo tún ń fi eléyìí kún un: mo ti pa lẹ́tà yìí dé kí n tó lọ wo Ìyá lálẹ́ yìí, mo ní láti tún un ṣí. Ọpọlọ rẹ̀ ti jí pérépéré. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, mo sì sọ ti ògiri fún un. Mi ò sọ fún un pé ìwọ lo ya àwòrán náà, Ìyá ò sì mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé o mú un wá sílé fi hàn wá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kọ̀wé sí Ọmọ Ògiri. Ọmọ wa wà lọ́fíìsì wọn níbẹ̀. Sọ fún un pé kó bá mi bẹ ẹni tó ya àwòrán yẹn. Tó bá jẹ́ òun ló bẹ̀ ẹ́, á gbọ́." Mo ṣèlérí fún un pé màá jíṣẹ́. Mo ti jẹ́ ẹ.